Ẹ̀RỌ ÌGBỌ́RỌ̀: ǸJẸ́ Ó WÚLÒ FÚN ẸNI TÍ ETÍ RẸ̀ DI PÚPỌ̀?

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níwájú àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní ìlú Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

  

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn asálátù ọjọ́ Àìkú ní ìlú yìí. Ó fa ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà ti pé ọdún 4, kò sì tíì lè pe ìyá rẹ̀. Wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n sì ti sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé etí méjèèjì di púpọ̀, pé kí wọ́n lọ ra ẹ̀rọ sí i létí. Ọ̀kadà ni bàbá ọmọ náà ń gùn jẹun. Kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà rí owó ẹ̀rọ náà bí kò ṣe pé kí ó ta ọ̀kadà yìí. Ìyá náà wá bi mí pé: “Ààfáà, ẹ má bínú. Bí a bá ta ohun tí a fi ń jẹun, ṣé ọmọ mi á gbọ́ràn?”

Ẹ̀yin ará mi, n kò lè dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, nítorí n kò mọ̀. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn etí, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ adití, mo sì jókòó ti àwọn tí ó ń lo ẹ̀rọ náà fúnra wọn. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí kò sí àdúgbò kan ní Ìwó yìí tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò sí.

ÀÌGBỌ́ YÀTỌ̀ SÍ ÀÌGBỌRÀN

Nínú Súrà An-Nahl, āyah 78, Ọlọ́hun rán wa létí pé a jáde láti inú ìyá wa láìmọ ohunkóhun, Òun ni ó sì fún wa ní ohun tí a fi ń mọ nǹkan. Ẹ wo bí ó ṣe tò wọ́n: ìgbọ́rọ̀ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà ọkàn. Ọmọ tuntun ń gbọ́ kí ó tó lè mọ ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Láti ojú ọ̀nà etí ni èdè ti ń wọlé fún púpọ̀ nínú wa.

Nígbà tí mo wà ní ilé kéú, ọmọ kan wà láàárín wa tí a sọ ní Olóríkunkun. Bí ààfáà bá pe “tá”, òun a pe “bá”. Bí a bá ní kí ó dìde, a jókòó síbẹ̀ títí yóò fi rí àwa yòókù tí a dìde. Pàṣán kò wọ́n lára rẹ̀. Ní ọdún kejì, kò wá sí ilé kéú mọ́. Ìgbà tí a dàgbà tán ni a tó gbọ́ pé etí rẹ̀ ni kò gbọ́. Àìgbọ́ ni ti ọmọ náà, kì í ṣe àìgbọràn, ṣùgbọ́n a fi ẹgba wo àrùn tí ẹgba kò lè wò.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí á tún ṣe láàárín ara wa. Àwọn kan a máa fi āyah inú Súrà Al-Baqarah tí ó sọ nípa adití, odi àti afọ́jú pẹ̀gàn ẹni tí etí rẹ̀ di. Wọn kò ka ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Àwọn tí òdodo dé bá tí wọ́n kọ̀ ọ́ ni āyah yẹn ń bá wí. Súrà Al-Hajj, āyah 46, sì ti là á yé wa pé ọkàn tí ó wà nínú igbá àyà ni ó ń fọ́, kì í ṣe ojú. Ẹni tí Ọlọ́hun kò fún ní ìgbọ́rọ̀ etí kò jẹ̀bi nǹkan kan. Àwa tí etí wa gbọ́, tí a kò kọbi ara sí i, ni ó yẹ kí ẹ̀rù bà.

BÍ ETÍ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Kí a tó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wúlò, a ní láti mọ ibi tí etí ti bàjẹ́. Etí tí a ń rí ní ìta dà bí àrọ ni. Ó ń kó ohùn jọ sínú ihò. Ní ìsàlẹ̀ ihò náà ni awọ fẹ́lẹ́ kan wà tí a nà bí awọ ìlù. Bí ohùn bá lù ú, a gbọ̀n. Lẹ́yìn awọ yìí ni egungun kéékèèké 3 so kọ́ ara wọn. Àwọn ni wọ́n ń gbé gbígbọ̀n náà wọ inú etí lọ́hùn-ún. Níbẹ̀ ni ohun kan wà tí ó ká bí ìkarahun ìgbín, tí omi wà nínú rẹ̀. Irun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí wà nínú omi yìí, ẹ̀yà ara tí ó ru irun wọ̀nyí sì tó nǹkan bí 15,000 nínú etí kan. Àwọn ni wọ́n ń sọ gbígbọ̀n di iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ọpọlọ. Ọpọlọ ni ó sì ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni ó dí, bí ìdọ̀tí etí, tàbí etí tí ó ń ṣọyún, tàbí awọ etí tí ó lu, oníṣègùn lè tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré lọ ra ẹ̀rọ kí a tó wo etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwọn irun inú ìkarahun yẹn ni wọ́n kú, wọn kì í hù padà nínú ọmọ ènìyàn. Kò tíì sí oògùn, yálà ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tí ó lè mú wọn hù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á jáwọ́ nínú dída epo, òróró, àgbo àti omi tí a kò mọ̀dí rẹ̀ sí etí ọmọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ba èyí tí ó kù jẹ́.

KÍ NI Ó Ń JẸ́ ETÍ TÍ Ó DI PÚPỌ̀?

Dẹ́síbẹ̀lì ni àwọn oníṣègùn fi ń wọn ohùn. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ a máa tó 30, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì bá jókòó sọ a máa tó 60. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín in nínú ìwé ìròyìn ńlá tí wọ́n gbé jáde lórí ìgbọ́rọ̀ ní ọdún 2021, ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan àfi tí ohùn bá tó 65 títí dé ìsàlẹ̀ 80 ni a ń pè ní ẹni tí etí rẹ̀ di púpọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 80 títí dé ìsàlẹ̀ 95, etí rẹ̀ di gidigidi. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 95 tàbí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí rẹ̀ di pátápátá.

Nígbà tí mo wo ìwé àyẹ̀wò ọmọ ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, 75 ni wọ́n kọ sí etí ọ̀tún, 85 sí ti òsì. Ẹ fi nọ́ńbà méjì yìí sọ́kàn, nítorí inú wọn ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Ọmọ yìí kò lè gbọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹní. Bí wọ́n bá kígbe mọ́ ọn tàbí bí ìlẹ̀kùn bá pa gbàà, ó lè yí ojú padà. Ìdí nìyí tí àwọn ará ilé fi ń sọ pé “ó ń gbọ́, ó kàn ń ṣe ojúkòkòrò ni”.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kò ṣòro láti lóye. Ó ní ibi tí ó fi ń gba ohùn, ó ní ibi tí ó ti ń sọ ohùn náà di ńlá, ó sì ní ibi tí ó ti ń tú u jáde sínú ihò etí. Ní àtijọ́, ìwo ni àwọn ènìyàn ń fi sí etí. Ní ọdún 1898, ará Amẹ́ríkà kan, Miller Reese Hutchison, ṣe èyí tí ó ń lo iná mànàmáná. Ní ìparí ọdún 1952 ni àwọn kéékèèké tí ó ń lo transistor bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Láti ọdún 1996 wá ni a ti ní èyí tí kọ̀ǹpútà kékeré wà nínú rẹ̀, tí ó lè fi ohùn kan kún, kí ó sì dín òmíràn kù gẹ́gẹ́ bí etí ẹni kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí.

Ǹjẹ́ ó wúlò fún ẹni tí etí rẹ̀ di púpọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ó wúlò. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ pọ̀ lè mú ohùn ìyá dé etí ọmọ tí ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 75. Ṣùgbọ́n kí ohùn dé etí kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti yé ènìyàn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí á fi gbohùngbohùn mọ́sálásí ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá ń hó, tí a tún yí i sókè, ariwo ni yóò pọ̀ sí i. Hùtúbà kò ní yé ẹni tí ó wà lẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti etí. Irun tí ó ti kú nínú ìkarahun kò lè gba ohùn, bí ó ti wù kí ohùn náà pọ̀ tó. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù ni ẹ̀rọ ń bá ṣiṣẹ́. Ohùn tí ó bá sì pọ̀ jù a máa dun irú etí bẹ́ẹ̀ gan-an. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni kíkígbe lè ran adití lọ́wọ́.

Ní ti èdè tiwa, nǹkan ìyanu kan wà níbẹ̀. Yorùbá jẹ́ èdè tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, tí ó ń lọ sódò. Lílọ sókè sódò yìí wà lára ìró tí ó nípọn, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tí etí wọn di ṣì ti ní ìgbọ́rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró tí ó tínrín, bí i ti s, f, ṣ, k àti t, ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ. Nítorí èyí, ẹni tí etí rẹ̀ di púpọ̀ lè fi ẹ̀rọ gbọ́ Yorùbá bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ dùndún. Ohùn ń dé etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní láti fi ọgbọ́n wá ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ohùn náà. “Fún”, “sún” àti “kún” lè rí bákan náà létí rẹ̀. Ìdí nìyí tí yóò fi máa wo ẹnu yín nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ń bá etí rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Ìdí nìyí náà tí ọmọ ilé kéú wa ìjọ́sí fi ń pe “bá” níbi tí ààfáà ti pe “tá”.

OHUN MẸ́TA TÍ Ó Ń MÚ KÍ Ẹ̀RỌ WÚLÒ

Ohun kìíní ni àsìkò. Ọpọlọ ọmọ dà bí ilẹ̀ ní àkókò òjò àkọ́rọ̀. Ohun tí a bá gbìn nígbà náà ni ó ń ta gbòǹgbò. Ní ọdún 1998, Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí a mọ̀ kí wọ́n tó pé oṣù 6 pé etí wọn di, tí a sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ràn lọ́wọ́, mọ èdè ju àwọn tí a mọ̀ lẹ́yìn náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹni tí etí rẹ̀ di díẹ̀ àti ẹni tí tirẹ̀ di púpọ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní ọdún 2005, Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú àyẹ̀wò yìí ní Èkó, ní àwọn ilé ìlera kéékèèké tí a ti ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ BCG. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni a kì í bí sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìyá tí kò bímọ sí ilé ìwòsàn pàápàá a máa gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àyẹ̀wò náà ń gbà, kì í sì dun ọmọ. Ó fi hàn pé ohun tí a lè ṣe ní ilẹ̀ wa ni.

Ohun kejì ni pé kí ẹ̀rọ bá etí mu. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kì í ṣe fìlà tí ẹnikẹ́ni lè gbé dé. Ìwọ̀n àyẹ̀wò ni a fi ń to ohùn inú rẹ̀. Fún ẹni tí etí rẹ̀ di púpọ̀, a ní láti yọ ẹ̀dà ihò etí rẹ̀, kí a sì fi rọ́bà ṣe èyí tí yóò dí ihò náà dáadáa. Bí kò bá dí i, ohùn yóò sá jáde, ẹ̀rọ yóò sì máa súfèé. Ọmọdé ń dàgbà, ihò etí rẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i, nítorí náà a ní láti máa ṣe rọ́bà yìí ní ọ̀tun láti ìgbà dé ìgbà. Àwọn kan ń ta ẹ̀rọ kéékèèké ní ọjà láìwo etí ẹnikẹ́ni. Ariwo ni irú èyí ń pọ̀ sí i, kì í sì í tó fún etí tí ó di púpọ̀. Owó tí a bá kó lé e ti ṣòfò.

Ohun kẹta ni ẹ̀kọ́ àti sùúrù. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn rí fún ọdún 4 kò lè mọ ìtumọ̀ ohùn ní ọjọ́ tí a bá fi ẹ̀rọ sí i létí. Ó lè sunkún. Ó lè fà á yọ. Ẹ ní láti jókòó tì í lójoojúmọ́: ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ilẹ̀kùn hàn án, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín bí ó bá wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ oṣù púpọ̀ àti ọdún ni. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti kó ẹ̀rọ sínú àpótí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́. Òmíràn, bátìrì ni ó tán. Òmíràn, òógùn ni ó wọ inú rẹ̀. Òmíràn, ojú ni ó ń ti ìyá ọmọ kí àwọn aládùúgbò má bàa rí i. Ẹ̀yin ará, àwa tí a ń wọ awò ojú, ta ni ojú ń tì nínú wa?

NÍBI TÍ ẸSẸ̀ Ẹ̀RỌ KÒ TẸ̀ DÉ

Kí n má tan yín jẹ. Bí ìwọ̀n bá ti ń lọ sí 90 àti 95, àǹfààní ẹ̀rọ yìí ń dín kù. Ó lè jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ fèrè ọkọ̀ kí ó lè sá fún un, ó lè jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹnìkan ń pe òun, ṣùgbọ́n kò ní tó fún ọ̀rọ̀. Fún irú wọn ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ mìíràn tí a ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú etí, tí ó ń fi iná tíntìntín bá iṣan sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ àwọn irun tí ó ti kú. Títí di ọdún 2022, ó ti ju mílíọ̀nù kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti gbé sí etí àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé. A ti ṣe é ní Nàìjíríà náà. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, òun náà sì ń fẹ́ ẹ̀kọ́ àti àbójútó títí ayé.

Ṣé ẹni tí kò rí èyí tí kò rí ọ̀hún ti ṣègbé nìyẹn? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn adití kan tí ó wá sí ìtòsí wa níbí. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀, ọmọ dúdú Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1925. Àrùn yírùnyírùn, èyí tí ń mú ọrùn gan, ni ó di etí rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ní ọdún 1954, òun ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní ọdún 1957, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní ọdún 1987, ilé ẹ̀kọ́ adití tí ó ti dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà lé ní 30. Èdè àmì ọwọ́ ni ó fi kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn adití tí ẹ ń rí lónìí tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, láti inú ẹ̀ka iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti jáde.

Oníwàásù ẹ̀sìn Kristẹni ni Foster. N kò fi èyí pa mọ́, nítorí ó yẹ kí ó dùn wá lọ́kàn. Adití ni òun fúnra rẹ̀, ó sì la òkun kọjá wá wá àwọn adití wa. Àwa tí etí wa dá ṣáká, ọmọ mélòó ni a ti wá kàn nínú àdúgbò tiwa? Mọ́sálásí mélòó ni adití ti lè mọ ohun tí Lèmọ́mù sọ ní ọjọ́ Jímọ̀?

Nítorí náà, èdè àmì ọwọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ. Ọmọ lè ní méjèèjì. Ohun tí ó léwu jù ni pé kí ọmọ má ní èdè kankan nígbà tí a bá ń dúró de owó ẹ̀rọ.

ÌDÈNÀ SÀN JU ÌWÒSÀN LỌ

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn ọmọdé tí etí wọn di, nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni a lè dènà tiwọn. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ. Èéyi, ṣegede àti yírùnyírùn wà lára ohun tí ń di etí. Bí ojú àti ara ọmọ tuntun bá ń pọ́n, ẹ má fi ìmọ́lẹ̀ òòrùn nìkan tọ́jú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Ẹ má sì lo káńfọ̀ sí aṣọ rẹ̀. Ó lè mú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ le sí i. Abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin lè pa irun inú etí, nítorí náà ẹ má gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn. Etí tí ó bá ń ṣọyún, ẹ má pè é ní ohun tí ọmọ yóò dàgbà kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀, ẹ wá ohun dí etí yín.

OJÚṢE WA

Nínú hádíìsì kan tí Abu Dharr gbà wá, tí Imam Ahmad sì kọ sílẹ̀, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka oríṣiríṣi ohun tí ó jẹ́ sàráà láìná owó. Ó ka fífi ọ̀nà han afọ́jú mọ́ ọn. Ó sì ka jíjẹ́ kí adití gbọ́ títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi yé e. Ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ náà kò dúró lórí gbígbọ́ nìkan, ó dé orí yíyé. Ẹ̀rọ lè mú ohùn dé etí. Àwa ènìyàn ni a ó mú un dé orí yíyé. Ohun tí mo bá yín wá sọ lónìí nìyí, bí ẹ bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ìyókù.

Nítorí náà, mo fi nǹkan wọ̀nyí lọ ẹ̀yin ọ̀dọ́:

1. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé kéú, ọmọ tí kò bá dáhùn, ẹ kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó mú pàṣán. Bí ẹ bá fura, ẹ sọ fún àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa, Òṣogbo àti Ifẹ̀ náà kò jìnnà, oníṣègùn etí sì wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wọn.

2. Ẹ dojú kọ ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ má fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ má kígbe, ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan.

3. Ẹ fún wọn ní ààyè ní sàfù iwájú níbi tí wọ́n ti lè rí ojú Lèmọ́mù, kí ẹ sì máa kọ kókó hùtúbà sórí ìwé fún ẹni tí ó lè kà á.

4. Kí ènìyàn méjì ó kéré tán nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ́ èdè àmì ọwọ́.

5. Kí a ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún bátìrì, rọ́bà etí àti àtúnṣe ẹ̀rọ. Èyí ni ó máa ń dá àwọn òbí tálákà dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ra ẹ̀rọ tán.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé òfin wà lẹ́yìn wọn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara tàbí yíyà á sọ́tọ̀ léèwọ̀, tí ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá lé ọmọ nítorí etí rẹ̀ kò ní òfin lẹ́yìn.

ÌDÁHÙN FÚN ÌYÁ NÁÀ

Mo padà lọ bá ìyá náà ní ilé rẹ̀, bàbá ọmọ sì wà níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé: “Ẹ̀yin òbí, yóò gbọ́ ohùn, ní àṣẹ Ọlọ́hun. Etí ọ̀tún tí ó jẹ́ 75 yẹn, ìrètí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ti òsì yóò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní tó èkejì. Kò ní gbọ́ bí àwa ṣe ń gbọ́. Ọdún 4 ti lọ nínú àkókò rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọdún karùn-ún lọ. Kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí i létí, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí ẹ fi ojú yín rí ìyàtọ̀. Ẹ béèrè iye tí rọ́bà àti bátìrì yóò jẹ́ lọ́dún. Kí gbogbo ilé sì bẹ̀rẹ̀ èdè àmì ọwọ́ láti òní.”

Bàbá ọmọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ààfáà, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ nípa ọ̀kadà.”

Ẹ̀yin ará mi, ìdí tí mo fi dúró níwájú yín lónìí nìyẹn. Bí bàbá náà bá ta ọ̀kadà, ta ni yóò ra bátìrì? Kí ni ọmọ yóò jẹ? Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà náà kì í ṣe tèmi nìkan láti dáhùn, ti gbogbo wa tí a wà níhìn-ín ni. A ń dá owó fún aṣọ ẹgbẹ́, a ń dá owó fún wòlímọ̀, a sì ń ra gbohùngbohùn tuntun sí mọ́sálásí kí ìpè ìrun lè dé ọ̀nà jíjìn. Ọmọ kan wà ní ìlú yìí tí ìpè náà kò tíì dé etí rẹ̀ rí. Wọn yóò gbé àpótí kọjá níwájú yín báyìí.

Kí Ọlọ́hun Allāh jẹ́ kí á lo etí tí ó fún wa fún ohun tí yóò gbà wá ní ọjọ́ tí a ó béèrè nípa rẹ̀. Kí ó fún àwọn tí etí wọn di ní ìrọ̀rùn, kí ó sì fi wá ṣe ọ̀nà ìrọ̀rùn náà. Āmīn.